Bí A Ṣe Ń Wá Baba Ńlá Tó Gbé Ẹnu Ààlà ní Virginia Àtijọ́: Ẹ Tọpa Ilẹ̀, Ẹ Má Tọpa Orúkọ

Ìyá ọkọ mi ló kó mi sínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ Rockbridge ni wọ́n, ní Virginia, lẹ́yìn òkè Blue Ridge. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ki oríkì ilé bàbá mi fún wọn, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló máa ki tèmi?" Àwọn ará ilé wọn, dúdú àti funfun, ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ kò kọjá bàbá bàbá wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó ti ìwé àtijọ́. Ohun tí mo ti kọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí, fún àwa ọmọ Yorùbá tí a ní ọkọ, aya, àna tàbí ọmọ tí ìdílé wọn ti ibẹ̀ wá, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹnu ààlà tí mò ń wí ni ibi tí ìlú àwọn òyìnbó amúnisìn parí sí, tí ilẹ̀ àwọn Shawnee, Cherokee àtàwọn onílẹ̀ yòókù bẹ̀rẹ̀. Ààlà yìí ń sún ṣáá ni, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló sì ń sún sí. Ní nǹkan bí 1735 ó wà ní àfonífojì Shenandoah. Ní 1775 ó ti wọ Kentucky. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í pẹ́ lójú kan, ọ̀pọ̀ wọn kò lè kọ orúkọ ara wọn, Virginia kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ ìbí àti ikú ará ìlú sílẹ̀ káàkiri títí di 1853. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìbí ẹni ọdún 1740 máa wá a títí. Ilẹ̀ tó gbé àti àwọn tó yí i ká ni ká wá. Ilé ni à ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ; nínú iṣẹ́ yìí, ilé náà la máa wò ká tó mọ ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fò lọ bá 1750 lọ́jọ́ kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó wà láàyè, kí ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí ìwé kan sì so ọmọ mọ́ bàbá ní gbogbo oríkèé. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti 1850 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo olómìnira inú ilé, ọjọ́ orí wọn àti ibi tí wọ́n ti bí wọn. Láti 1790 dé 1840, olórí ilé nìkan ló ní orúkọ níbẹ̀, àwọn yòókù di iye lásán. Èyí tó tún dunni jù ni pé ti Virginia ní 1790 àti 1800 ti sọnù, ti Kentucky náà sọnù lọ́dún méjèèjì. Ìwé owó orí la fi ń dí àyè wọn.

Ẹ wá ìwé gbọọrọ kan, ẹ fa ìlà sí i kó di ọ̀nà mẹ́ta: ọjọ́, ibi, àti àwọn tí orúkọ wọn bá tirẹ̀ jáde nínú ìwé kan náà. Ọ̀nà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní, òun gan-an ló sì máa ń gbà wọ́n. Ẹni tó jẹ́rìí sí ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ṣe onídùúró fún opó rẹ̀, ẹni tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà: gbogbo wọn ni kí ẹ kọ. Àwọn èèyàn yìí kì í dá rìn. Ará ilé, àna àti ọmọ ìjọ ló ń kó ra wọn jọ kúrò ní Pennsylvania bọ̀ ní Virginia, àwọn kan náà ló tún ń kó ra wọn jọ lọ sí North Carolina tàbí Kentucky. Bí ọkùnrin yín bá pòórá, ẹ lọ wo ibi tí mẹ́ta nínú aládùúgbò rẹ̀ forí lé.

Káúńtì ń yí, oko kò kúrò lójú kan

Ká ní ẹnì kan dó sí Draper's Meadow, níbi tí Blacksburg wà lónìí, ní 1750, tí kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lóko rẹ̀ títí di 1777. Augusta ni káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n ka oko náà mọ́ nígbà tó dé. Ní 1770 ó ti di Botetourt. Ní 1772 ó di Fincastle. Nígbà tí 1777 máa wọlé, wọ́n ti tú Fincastle ká, Montgomery ló kù. Augusta fúnra rẹ̀, inú Orange ni wọ́n ti gé e: òfin rẹ̀ jáde ní 1738, kóòtù rẹ̀ kò sì jókòó títí di 1745, nítorí náà ìwé àwọn tó kọ́kọ́ dé àfonífojì yẹn wà ní Orange. Ìwé kì í bá káúńtì tuntun lọ. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ló ń dúró sí. Ìwé Augusta wà ní Staunton. Ìwé Fincastle tó ti kú wà ní Christiansburg, lọ́dọ̀ Montgomery.

Nítorí èyí, kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ lọ wo àwòrán ààlà káúńtì àtijọ́ tí ilé ìkàwé Newberry ní Chicago gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ ọjọ́ tí ẹ ń wá, á fi hàn yín ibi tí oko náà wà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ tún béèrè bóyá iná ti jó ìwé káúńtì náà. Àwọn káúńtì kan ní ìlà-oòrùn Virginia kó ìwé wọn lọ sí Richmond fún ààbò nígbà ogun abẹ́lé, iná oṣù kẹrin 1865 sì jó wọn níbẹ̀. Ti Augusta yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Inú ilẹ̀ ni ìtàn wà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà ní ilẹ̀ lẹ́yìn òkè Blue Ridge, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilé ìwé tirẹ̀. Àwọn kan gba tiwọn lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan gbà á lọ́wọ́ Lord Fairfax, tó ni àgbègbè Northern Neck, tó sì ní ọ́fíìsì ilẹ̀ tirẹ̀. Ìwé méjèèjì yìí wà ní Library of Virginia ní Richmond, wọ́n sì ti ya àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀nà kẹta ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ní 1736 ọba fún William Beverley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní éékà 118,491. Ní 1739 Benjamin Borden gba 92,100. Àwọn wọ̀nyí ló wá ń gé e tà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Borden kò lè ní orúkọ nínú ìwé ọba. Inú ìwé ìtà ilẹ̀ ti káúńtì ni kí ẹ ti wá a, kí ẹ má sọ pé kò ní ilẹ̀.

Bí ìwé ilẹ̀ bá ti wá sọ́wọ́ yín, ẹ má kàn ka iye éékà kí ẹ pa á dé. Ẹ ya á. Mo mọ̀ pé ó dà bí iṣẹ́ awọnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Ìwé wọn máa ń lọ báyìí: ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdí igi óókù funfun méjì létí odò, láti ibẹ̀ ó gba àríwá ìwọ̀n 30 sí ìlà-oòrùn, pole 160, dé ìdí igi páìnì kan ní ààlà aládùúgbò, ó gba gúúsù ìwọ̀n 60 sí ìlà-oòrùn, pole 100, ó gba gúúsù ìwọ̀n 30 sí ìwọ̀-oòrùn, pole 160, ó wá padà sí ìdí óókù tó ti bẹ̀rẹ̀. Pole kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 ààbọ̀, nítorí náà pole 160 jẹ́ ìdajì máìlì. Ẹ mú bébà onígun-mẹ́rin kéékèèké (graph paper), kí ínṣì kan dúró fún pole 40. Ìlà àkọ́kọ́ á jẹ́ ínṣì mẹ́rin, èkejì á jẹ́ méjì ààbọ̀. Ẹ fi protractor wọn igun rẹ̀ láti àríwá. Bí ẹ bá parí, ẹ sọ 160 di ìlọ́po 100, ẹ pín in sí ọ̀nà 160, nítorí pole 160 níbùú-lóròó ni éékà kan. Éékà 100 ni. Bí tiyín kò bá bá iye tó wà nínú ìwé mu rárá, akọ̀wé ti fo ìlà kan, tàbí ẹ̀yin lẹ ṣì í kà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ àwọn aládùúgbò náà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé wọn, kí ẹ tò wọ́n sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìgbà tí igun kan bá bọ́ sínú igun kejì, tí igi óókù inú ìwé ti ẹnì kan jẹ́ igi kan náà nínú ìwé ẹlòmíràn, ẹ ó ri ojú adúgbò náà bí ẹni tó gun orí òkè wò ó. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ìgbà náà kì í tọ́ka sí àríwá gan-an, gbogbo rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀; ipa odò lẹ máa fi tún un ṣe. Kí ẹ tún wo orúkọ àwọn tó fa ṣéènì tí awọnlẹ̀ fi ń wọn ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tàbí àna rẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́.

Nǹkan méjì tún wà nínú ìwé ìtà ilẹ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Bí ọkọ bá ń ta ilẹ̀, ìyàwó ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀, adájọ́ máa ń bi í léèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá ó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí orúkọ ìyá ńlá, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan. Èkejì: bí ènìyàn bá ta ilẹ̀ tí kò sí ìwé pé ó rà á, ó ṣeé ṣe kó jogún rẹ̀ ni. Títí òfin 1785 fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1787, bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún ní Virginia, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó tà á ti fi ara rẹ̀ hàn bí àkọ́bí nìyẹn, láìsọ ọ́ lẹ́nu.

Edward Tarr, alágbẹ̀dẹ

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin kan, torí àwọn tó ń sọ pé àwọn dúdú kò sí ní ẹnu ààlà, tàbí pé wọ́n wà ṣùgbọ́n kò sí ìwé wọn. Dúdú ni Edward Tarr, alágbẹ̀dẹ ni. Pennsylvania ló ti san owó ra ara rẹ̀ kúrò lóko ẹrú, kó tó gba ọ̀nà ńlá àwọn oníkẹ̀kẹ́-ẹṣin bọ̀ sí Virginia. Ní 1754 ó ra éékà 270 ní agbègbè Timber Ridge, inú Augusta ìgbà náà, Rockbridge ti òní. Àwọn ará ọ̀nà mọ àgbẹ̀dẹ rẹ̀, wọ́n ń fi júwe ọ̀nà. Ní 1761 ẹnì kan wá láti ibòmíràn, ó ní ẹrú òun ni. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, Tarr sì borí.

Ẹ wo bí ìtàn rẹ̀ ṣe fọ́n ká. Òmìnira rẹ̀ wà nínú ìwé Pennsylvania, oko rẹ̀ nínú ìwé ilẹ̀ Augusta, ẹjọ́ rẹ̀ nínú ìwé kóòtù. Ẹni tó bá wá a nínú ìwé kan ṣoṣo, á rí i bí òjìji tó kọjá. Lọ́jọ́ tí mo ka ìtàn yìí fún ìyá ọkọ mi, wọ́n ní kí n tún éékà 270 yẹn kà.

Ìwé owó orí

Virginia ayé amúnisìn ń gba owó orí lórí gbogbo ọkùnrin funfun tó ti pé ọdún 16, àti lórí ẹrú, ọkùnrin àti obìnrin, tó ti pé iye ọdún náà. Obìnrin dúdú tó ní òmìnira náà ń san án títí di 1769. Láti 1782 ni ìwé owó orí ọdọọdún ti wà fún ilẹ̀ àti fún ohun ìní: iye ẹṣin, iye màlúù, orúkọ ẹni tó ń san án. Ẹ má mú ọdún kan ṣoṣo. Ẹ tò wọ́n láti 1782 lọ, kí ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí ọkùnrin kan dédé fi kún ilé bàbá rẹ̀: ọmọ kan ti pé 16. Bó bá di pé orúkọ ọmọ náà dá dúró, ó lè ti pé 21. Bí orúkọ opó bá wá bọ́ sí ipò ọkọ, ẹ ti rí ọdún tó kú. Nínú ìwé kan, agbowó-orí kọ ọjọ́ tó dé ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ẹ tún béèrè ìwé àwọn tí kò san. Ṣẹ́rífù ní láti sọ ìdí tí kò fi rí owó náà gbà, ó sì máa ń kọ ọ́ ní ṣókí pé ẹni náà ti kú, tàbí ó ti lọ sí Carolina. Gbólóhùn kan péré, òun ló máa sọ fún yín ibi tí ẹ máa yí sí.

Kóòtù, ìhágún, ogun

Ìwé àṣẹ kóòtù káúńtì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí kò ní ilẹ̀ náà ti ń yọjú. Kóòtù ń yan ọkùnrin láti ṣán ọ̀nà láti odò kan dé ilé ìjọsìn kan: àkójọ orúkọ aládùúgbò nìyẹn. Ó ń san owó fún ẹni tó bá pa ìkookò, tó gbé orí rẹ̀ wá. Ó ń fi ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Ẹjọ́ ogún tí àwọn ọmọ ìyá ń bá ara wọn ṣe sì ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí nígbà ìjà ni gbogbo ẹbí ń di ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn arúgbó sì ń wá jẹ́rìí, tí wọ́n ń sọ ọjọ́ orí wọn. Ẹjọ́ irú èyí láti Augusta pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Library of Virginia. Ní Kentucky náà, ìjà ilẹ̀ ti òfin 1779 dá sílẹ̀ kún kóòtù. Òfin náà fún ẹni tó ti dó tàbí tó ti gbin àgbàdo ṣáájú oṣù kìíní 1778 ní éékà 400. Daniel Boone tìkára rẹ̀, ọdẹ tó ṣáájú àwọn tó lọ tẹ Kentucky dó, wà lára àwọn tó ń lọ jẹ́rìí nípa igi àti odò tí wọ́n fi pààlà.

Nínú ọ̀rọ̀ ìhágún, ẹ má dúró sórí ìwé ìhágún nìkan. Ẹ ka àkójọ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ àti ti ọjà tí wọ́n fi tà á. Opó máa ń ra bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ padà. Àwọn tó ra nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ẹbí àti ará àdúgbò ni.

Bí baba ńlá yín bá ja ogun òmìnira, tó sì pẹ́ láyé, ẹ wá ìwé pẹ́ńṣàn òfin oṣù kẹfà 1832. Àwọn arúgbó wọ̀nyí kò ní ìwé ẹ̀rí, kóòtù sì ní kí wọ́n rò ó lẹ́nu: ibo ni wọ́n ti bí ọ, ọdún wo, ṣé o ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí rẹ, ibo lo ń gbé nígbà tí wọ́n pè ọ́, ibo lo ti gbé látìgbà náà. Gbogbo ìrìnàjò ọkùnrin kan wà nínú ìdáhùn yẹn, láti ẹnu òun fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá kó o lẹ́rú

Ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo dúdú ní Amẹ́ríkà. Ti 1850 àti 1860 kọ orúkọ ẹni tó ni ẹrú, ó kọ ọjọ́ orí àti ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ ẹrú. Ó ń ro mí lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i. Bí ẹ bá kọjá 1870, ìdílé àwọn tó kó wọn lẹ́rú lẹ máa wá: ìwé ìhágún wọn, àkójọ ohun ìní wọn, níbi tí ènìyàn ti wà ní àárín màlúù àti ìkòkò irin, pẹ̀lú iye owó níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ náà, kí ẹ máa ṣọ́ wọn láti àkójọ bàbá dé àkójọ ọmọ. Ìwé àṣẹ kóòtù náà wúlò: ẹni tó bá gbé ọmọ dúdú tuntun dé láti òkè òkun ní láti mú un wá kí adájọ́ fojú wo ọjọ́ orí rẹ̀ fún owó orí. Láti 1793 ni Virginia sì ti ń kọ orúkọ àwọn dúdú olómìnira sínú ìwé, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe rí lójú.

Mo fẹ́ sọ èyí fún àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, Brazil àti Cuba ni wọ́n gbé wọn lọ, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní pàtàkì. Àwọn tí wọ́n gbé dé Virginia ṣáájú ìgbà náà, púpọ̀ wọn jẹ́ Igbo, àwọn míì wá láti Senegambia àti Angola. Ìfẹ́ tí mo ní sí ìyá ọkọ mi fẹ́ kí n sọ wọ́n di ọmọ Ọ̀yọ́. N kò ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì sọ ọ́.

Ohun tó máa ń ṣi ni lọ́nà

Mo pàdánù ọdún méjì nítorí ẹ̀ka ìdílé tí mo kó látorí íntánẹ́ẹ̀tì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni ẹni tó kọ ọ́ sọ di ẹnì kan. Ìgbà tí mo ya ilẹ̀ wọn ni mo rí i pé ọ̀kan ń sanwó orí létí odò kan, lọ́dún tí èkejì ń sanwó lókè ibòmíràn, ìyàwó wọn sì yàtọ̀. Nínú ìwé ìgbà yẹn, "Senior" àti "Junior" lè jẹ́ àgbà àti àbúrò ní àdúgbò kan, láìjẹ́ bàbá àti ọmọ. "Infant" ni ẹni tí kò tíì pé 21, ó lè ga ju yín lọ. "Cousin" lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n. "Son in law" lè jẹ́ ọmọ tí ìyàwó mú wá. "Jno" ni wọ́n fi ń kọ John, s gígùn wọn sì jọ f. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń jẹ́ Zimmermann lè di Carpenter láàárín ìran kan.

Ọjọ́ náà ń dani láàmú. Títí di 1752, March 25 ni ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà February 1741 wọn ni 1742 tiwa. Akọ̀wé tó láájò máa ń kọ ọ́ ní 1741/2. Lọ́dún 1752 wọ́n fò láti September 2 bọ́ sí 14. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìbí Daniel Boone fi jẹ́ October 22, 1734 níbì kan, tó sì jẹ́ November 2 níbòmíràn. Àwọn Quaker, tí ìwé ìjọ wọn dára púpọ̀, kì í pe oṣù lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń fi kà á. "Oṣù kìíní" wọn ṣáájú 1752 ni March. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe rí i, kí ẹ kọ ìtúmọ̀ yín sí ẹ̀gbẹ́.

Bí ẹ bá wá dé kóòtù káúńtì fúnra yín, ẹ má sọ fún akọ̀wé pé ẹ ń wá baba ńlá yín. Ẹ sọ irú ìwé tí ẹ fẹ́, nọ́ńbà ìwé náà àti ojú ewé rẹ̀. Inú àtọ́ka tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti wá a nílé. Ẹ ya àwòrán èèpo ìwé kí ẹ tó ya ojú ewé, kí ẹ mọ ibi tó ti wá lọ́la. Kí ẹ sì ṣí ojú ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú ewé tó tẹ̀ lé tiwa ní Staunton ni mo ti rí orúkọ ìyá ńlá ìyá ọkọ mi, níbi tí adájọ́ ti bi í léèrè bóyá ó fọwọ́ sí ìtà ilẹ̀. Kò lè kọ orúkọ rẹ̀. Ó fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá, akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀.